Erékùṣù Mẹ́jọ Lórí Tábìlì Bàbá Aaron

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Wọ́n ti jẹun tán. Oyinkán ti nu tábìlì, ó ti gbọn èérún búrẹ́dì dànù. Àsìkò tó láti tẹ́ òkun.

Aṣọ tábìlì aláwọ̀ aró kan ni òkun náà. Oyinkán á di igun méjì mú, Bàbá Aaron á di igun méjì yòókù mú, wọ́n á jọ na aṣọ ọ̀hún títí ìgbì kankan ò fi ní sí lójú rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ni bàbá yóò jókòó, yóò sì na ọwọ́ láìwo ẹ̀yìn.

"Ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó tóbi jù."

Táwẹ́ẹ̀lì kékeré kan ni, tí Oyinkán ká bí òṣùká, tó sì fà níbì kan kó lè gùn díẹ̀. Canton nìyẹn, erékùṣù kan ní ìsàlẹ̀ Hawaii, níbi tí bàbá ti ṣiṣẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí omi ká, tí òkun ńlá tún yí òun náà ká. Lọ́jọ́ tí bàbá kọ́kọ́ fẹ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ńṣe ló ń fi ìka yí afẹ́fẹ́ po, tí ọ̀rọ̀ ò wá. Oyinkán ló sáré wọ ilé ìdáná, tó mú táwẹ́ẹ̀lì, tó ká a, tó sì gbé e lé orí ara rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń fi òṣùká pọnmi nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìbàdàn. Bàbá wo orí rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ọgọ́ta ọdún ni mo ti ń wá ohun tí ibẹ̀ jọ," ó ní. "Àṣé orí rẹ ló wà!"

Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo búrẹ́dì: Enderbury. Ife tíì tí wọ́n da ojú rẹ̀ dé: McKean. Àpò awò ojú: Rawaki, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Phoenix, tí gbogbo ẹgbẹ́ erékùṣù náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n bu omi díẹ̀ sí: Manra, nítorí adágún oníyọ̀ tó wà láàárín rẹ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà sí òkun. Ẹ̀gbà ọwọ́ ìyàwó bàbá, tó ti kú: Orona. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kì ẹsẹ̀ bọ bàtà: Nikumaroro. Ìgò iyọ̀: Birnie, èyí tó kéré jù, tí ènìyàn lè yí po tán kí ẹ̀wà tó jinná.

Mẹ́jọ. Méje nínú wọn, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Ìdílé díẹ̀ ló ń ṣọ́ Canton, wọn ò tó èrò inú bọ́ọ̀sì ìjọ kan.

Ojú fèrèsé ilé bàbá ní Fort Washington, ní Amẹ́ríkà, kọ sí odò Potomac. Bó bá tẹ́ òkun tán, á wo odò yẹn, á wo tábìlì, á sì dákẹ́. Oyinkán náà á dákẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí wọ́n ti jọ ń dákẹ́ báyìí. Nínú gbogbo ohun tí Oyinkán ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ yìí nìkan ni kì í ṣe ti òun nìkan.

*

Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Oyinkán Ẹkúndayọ̀. Kó tó di olùtọ́jú arúgbó, ọ́fíìsì àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́tàdínlógún. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó tẹ́ ìwé tó mọ́ gaara lé àwòrán ilẹ̀, kó sì fi tádàwà dúdú tọ gbogbo ìlà ibẹ̀ láìgbọ̀n. Ó ti tọ ọ̀nà Ìdó, ó ti tọ àpáta Erúwà, ó ti tọ odò tí kì í ní omi nínú ẹ̀rùn. Kò tọ òkun rí. Bó bá parí, á kọ lẹ́tà méjì orúkọ rẹ̀ sí igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kékeré. Bí èèrà méjì tó dúró kí ara wọn.

Ọ̀gá rẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin, kì í pariwo. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ. "Ohun tí kò sí nílẹ̀, má yà á. Ohun tó bá wà nílẹ̀, bó jẹ́ ààtàn, yà á." Nígbà kan, ìjòyè kan bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yọ ààtàn tó wà lẹ́yìn àgbàlá òun kúrò nínú àwòrán. Ó gbé iṣu wá. Ọ̀gbẹ́ni Gbádégẹṣin dúpẹ́ iṣu, ó dá iṣu padà. Ààtàn wà lórí ìwé títí dòní.

Déolú, ọkọ rẹ̀, ló mú un wá sí Amẹ́ríkà. Nígbà tó yá, Déolú kú. Wùnmí, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Texas, òun náà ní ọkọ, ó ní iṣẹ́. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń pe ìyá rẹ̀. Èdè òyìnbó ni. Ìṣẹ́jú márùn-ún, mẹ́fà. Yàrá kan àti pálọ̀ ni Oyinkán ń gbé ní Langley Park, òkè ilé ìtajà kan tí wọ́n ti ń ta àgbàdo sísun. Ó mọ ohùn gbogbo àwọn tó ń gbé lókè rẹ̀. Kò mọ orúkọ ẹnì kan. Ní ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tó ń lọ, wọ́n á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà," á ní, "A dúpẹ́," ìsìn á parí, mọ́tò á tú ká.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́fà yìí, bàbá ló fi yé e.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Aaron nígbà tí wọ́n rán an lọ sí Canton lọ́dún 1963, láti máa fetí sí rédíò. Àwọn ènìyàn ti ń gun ọkọ̀ lọ yí ayé po lókè ọ̀run nígbà yẹn. Bí ọkọ̀ náà bá ti yọ lójú ọ̀run lókè òkun, ohùn ẹni tó wà nínú rẹ̀ á dé etí Aaron. Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré. Lẹ́yìn náà, á kọjá sí apá ibòmíràn láyé. Ìdákẹ́jẹ́. Ẹyẹ òkun. Akàn tó ń rìn kiri pẹ̀lú ilé lẹ́yìn. Aaron á jókòó títí yóò fi yí po padà.

"Kí lẹ máa ń bá a sọ, sà?" Oyinkán bi í nígbà kan.

"Mo máa ń ní, 'Mò ń gbọ́ ọ.'"

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Kí ni ìwọ ń bá ọmọ rẹ sọ lórí fóònù?"

Oyinkán dìde. Ó kó ife tíì lọ síbi omi.

Bàbá a máa sọ ìtàn àwọn erékùṣù náà bí ẹni tó ń ròyìn ẹbí rẹ̀. Ó sọ bí àwọn Amẹ́ríkà ṣe wá kó ìgbẹ́ ẹyẹ lórí McKean àti Enderbury ní nǹkan bí ọgọ́jọ ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n kó o lọ ṣe ajílẹ̀, tí wọ́n sì fi ihò sílẹ̀. Ó sọ ti ọdún 1937, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn mọ́lẹ̀ fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí Canton. Ọkọ̀ ojú omi orílẹ̀-èdè méjì ló gbé àwọn onímọ̀ wá wò ó. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà lórí ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí.

"Oòrùn ń kú lọ," bàbá á ní, "wọ́n ń jà lórí ibi tí wọ́n máa páàkì sí. Bíi ti ibi ìgbọ́kọ̀sí ìjọ yín."

"Ìjọ wa kì í jà, sà."

"Ó dáa. Bíi ti ìjọ wa."

Ṣùgbọ́n ìtàn tó máa ń mú ohùn rẹ̀ walẹ̀ ni ti kànga. Ní ọdún 1938, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ará erékùṣù mìíràn tí ilẹ̀ ti há mọ́ wá sí Manra, Orona àti Nikumaroro. Wọ́n ní ilẹ̀ wà, àgbọn wà, omi wà. Àwọn tó kọ́kọ́ yẹ kànga wò tọ́ omi náà wò, wọ́n ní ó ṣeé mu. Ó sì ṣeé mu lọ́jọ́ tí wọ́n tọ́ ọ wò. Ọ̀dá dé. Iyọ̀ wọnú kànga. Àwọn ènìyàn náà fara dà á fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ní ọdún 1963 gan-an, ọdún tí Aaron débẹ̀, ọkọ̀ ń kó wọn lọ sí erékùṣù Solomon, ọ̀nà jíjìn réré. Ó ń gbọ́ ọ lórí rédíò rẹ̀: iye ènìyàn, iye ẹrù.

"Àwọn ilé wọn ńkọ́?" Oyinkán bi í.

"Wọ́n ti ilẹ̀kùn." Bàbá fi ìka kan omi inú àwo Manra. "Taa ni wọ́n tì í mọ́, mi ò mọ̀."

*

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kẹta. Oyinkán dé ní aago mẹ́jọ, ó bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Etí odò ló ti rí bàbá. Bàtà ẹsẹ̀ kan. Aṣọ ìsùn. Báàgì kékeré kan lọ́wọ́ rẹ̀: abẹ ìfárùngbọ̀n, Bíbélì, sadíìnì agolo méjì.

"Ọkọ̀ òfurufú pẹ́ lónìí," bàbá ní.

Oyinkán mọ ọkọ̀ yẹn. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń ti Hawaii wá, ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, láti kó lẹ́tà àti ẹran dídì wá sí Canton. Kò jiyàn. Ta ní í bá àgbà jiyàn?

"Wọ́n ní kò ní lè wá mọ́ lónìí, sà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Wọ́n pè?"

"Wọ́n pè, sà."

Ó mú un lọ sílé. Ó fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó po kófì fún un. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé tí éjẹ́ńsì tó gbà á síṣẹ́ ní kó máa kọ gbogbo nǹkan sí lójoojúmọ́, ohun tí bàbá jẹ, oògùn tó lò, bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ó di bírò mú fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: *Bàbá rìn díẹ̀ ní òwúrọ̀. Ó jẹun dáadáa.*

Kì í ṣe irọ́ ló kà á sí. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nígbà tí bàbá tirẹ̀ gan-an ń darúgbó ní Ìbàdàn, tó ń ṣìnà láàárín ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sọ fún gbogbo àlejò pé ó ń sùn. Bó bá tọ̀ sára, wọ́n ní omi ló dà sí i láṣọ. Títí ó fi kú, àdúgbò ò gbọ́ nǹkan kan. Níbi òkú, àwọn àgbà gbá Oyinkán lẹ́yìn jẹ́jẹ́. "Ẹ bò ó láṣìírí. Ẹ ṣe é." Kò sí ìyìn tó ju ìyẹn lọ.

Nínú oṣù karùn-ún, bàbá tún jáde. Nínú oṣù kẹfà, kẹ́tùlù jó mọ́ iná. Oyinkán ra òmíràn tó jọ ọ́, àní ó fi nǹkan ha á lára níbi tí ti àtijọ́ ti ha. Nínú oṣù kẹjọ, etí odò lẹ́ẹ̀kan sí i.

*Bàbá rìn díẹ̀. Ó jẹun dáadáa.*

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Oyinkán máa ń padà sílé. Láti ìgbà yẹn títí di mẹ́jọ òwúrọ̀, bàbá nìkan ni, pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n.

*

Mobáyọ̀, nọ́ọ̀sì éjẹ́ńsì, ló máa ń wá yẹ bàbá wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò tí ì pé ogójì ọdún. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe, ó sì máa ń rìn bí ẹni tí mọ́tò ń dúró dè.

"Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí. Ẹ ò gbó rárá. Ẹ fún mi ní ìpara yẹn jàre."

"Ìpara wo? Àdúrà ni mo fi ń para. Ìwọ lo ń gbó, tó ń pọn kọ̀ǹpútà kiri bí ọmọ àkọ́bí."

"Kọ̀ǹpútà yìí kì í ké lóru, ó sàn ju ọmọ lọ." Ó jókòó sí ilé ìdáná, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àǹtí, Anna pè mí láti Ohio."

Anna ni ọmọ bàbá. Láti ọdún méjì sẹ́yìn ló ti ń sọ pé bàbá ò gbọdọ̀ máa dá gbé mọ́.

"Ó ní kí wọ́n wá yẹ ọpọlọ bàbá wò. Bó bá yege, ó wà níbí. Bí kò bá yege, ilé ìtọ́jú kan wà nítòsí ọ̀dọ̀ Anna."

"Ohio?"

"Ohio. Mo gbọ́dọ̀ kọ ìròyìn tèmi náà. Ṣé ó ti jáde rí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀?"

Oyinkán wo pálọ̀. Bàbá ń gbé ìgò iyọ̀ kiri lórí aṣọ aláwọ̀ aró, ó ń wá ibi tí Birnie yẹ kó wà.

"Bàbá yìí? Níbo ló fẹ́ lọ?"

"Àǹtí. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kí n tẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ kọ́."

Mobáyọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Láti ọjọ́ kejì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Oyinkán mọ̀ pé bàbá ò lè dá orúkọ oṣù mú mọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ kan tí erékùṣù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ó gbé gbogbo ohun tó yẹ kó rántí lé erékùṣù lórí. Oṣù wà lórí Enderbury. Ọdún wà lórí McKean. Orúkọ ìlú wà lórí Rawaki. Bí wọ́n bá ní kó há ọ̀rọ̀ mẹ́ta sórí, kó gbé ọ̀kan sí Manra, ọ̀kan sí Orona, ọ̀kan sí Nikumaroro, kó wá ṣíkọ̀ padà lọ kó wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àárọ̀ àti ọ̀sán. Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ju bí Oyinkán ṣe rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí Déolú ti kú.

Ọjọ́bọ̀ kan ni Humaira wá, ẹni tí wọ́n rán láti bi bàbá ní ìbéèrè. Anna náà ti dé láti Ohio. Oyinkán dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń nu àwo tó ti gbẹ.

"Ọjọ́ wo la wà lónìí, sà?" Humaira béèrè.

"Apá ibo nínú ìlà lo ń bi mí?"

"Ìlà wo?"

"Ìlà tó pín ọjọ́ sí méjì lórí òkun! Ṣé o ò mọ̀ pé ní ìparí ọdún 1994, àwọn tó ni erékùṣù wa ṣí ìlà yẹn nípò? Wọ́n sùn, wọ́n jí, ọjọ́ kan ti lọ. Wọn ò jẹ ẹ́, wọn ò mu ún." Bàbá fara ti àga. "Ọjọ́bọ̀ ni níbí. Mi ò ní bá ọ lọ sí tibẹ̀."

Humaira rẹ́rìn-ín. Ó ní kó há ọsàn, kọ́kọ́rọ́ àti àga sórí. Ó bá a sọ̀rọ̀ oúnjẹ, ó ní kó ya aago. Ó wá bi í léèrè ọ̀rọ̀ mẹ́ta ọ̀hún. Bàbá pa ojú dé. Ìka rẹ̀ ń lọ lórí tábìlì, ó dúró, ó tún lọ, ó dúró.

"Ọsàn. Kọ́kọ́rọ́." Ó gbé ìka sí ibi tí irin ìwọ-bàtà máa ń wà. "Àga."

Ó yege. Anna sunkún. Ó dì mọ́ Oyinkán lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, àwo ṣì wà láàárín wọn.

"Mi ò mọ ohun tí à bá ṣe láìsí ẹ," Anna ní. "Mo gbàgbọ́ nínú gbogbo ohun tí o kọ sínú ìwé yẹn."

Oyinkán gbé àwo náà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó tún gbé e jáde. Ó tún un nù.

*

Oṣù kọkànlá. Òjò tútù. Mọ́tò méjì ti forí gbárí lójú ọ̀nà Indian Head, gbogbo ọ̀nà dí pa. Aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú kí Oyinkán tó dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Ó ti mọ̀ kó tó pa mọ́tò.

Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Òkun wà lórí tábìlì, bàbá ló dá a tẹ́. Ó rún. Erékùṣù méje ló wà níbẹ̀. Òṣùká ò sí.

Ó gbọ́ fèrè ọkọ̀ aláìsàn láti apá odò.

Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rẹ̀ rìn ló rí i. Omi ti mu bàbá dé ìbàdí. Wọ́n ní nígbà tí wọ́n dé, ó ń bi wọ́n bóyá àwọn ni wọ́n gbé lẹ́tà wá.

Ní ọsibítù, wọ́n wé e sínú aṣọ gbígbóná. Ètè rẹ̀ funfun. Ó ń sùn. Oyinkán jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ náà dà bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé jáde látinú fìríìjì. Mobáyọ̀ dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ kejì lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Anna wà lórí fóònù.

Mobáyọ̀ gbé fóònù sáàárín wọn.

"Oyinkán," Anna ní. "Ìbéèrè kan ni. Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí?"

Mobáyọ̀ wò ó. Ó mi orí, díẹ̀ báyìí, ìsàlẹ̀ àti òkè. *Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni.* Bó bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi aago ìkìlọ̀ sí ilẹ̀kùn, bàbá á padà sílé, òkun á di títẹ́. Bó bá sọ òdìkejì, Ohio.

Oyinkán rántí ilé wọn ní Ìbàdàn. Ènìyàn méjìlá ló wà nínú ilé yẹn. Nígbà tí wọ́n ń bo bàbá rẹ̀ láṣìírí, ẹnì kan máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà, tọ̀sán-tòru. Ẹnì kan á ti rí i kó tó dé ìsọ̀ kejì. Níhìn-ín, ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Òun ló bo Bàbá Aaron láṣìírí, ó sì lọ sílé ní aago mẹ́rin. *Ó jẹun dáadáa.* Omi náà ṣeé mu.

Bó jẹ́ ààtàn, yà á.

"Rárá," ó ní. "Ìgbà kẹrin ni. Oṣù kẹta. Oṣù karùn-ún. Oṣù kẹjọ. Òní. Kẹ́tùlù náà jó. Mi ò kọ ọ́."

Anna pa fóònù.

Mobáyọ̀ fẹ̀yìn ti ògiri. "Àǹtí. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ìròyìn yẹn. Èmi ni mo tẹ 'bẹ́ẹ̀ kọ́'."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀? Mo ní ọmọ méjì! Mo ṣe onígbọ̀wọ́ fún yín, mo ní ìyá mi ni yín!"

"Mo máa kọ ọ́ pé èmi ni mo purọ́ fún ọ. Mo máa fọwọ́ sí i."

"Ẹ máa fọwọ́ sí i." Mobáyọ̀ fi ọwọ́ nu ojú. "Báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é ná? Ẹ̀yin àgbà. Ẹ máa dákẹ́ títí, ẹ wá yan ọjọ́ tí òjò ń rọ̀."

Oyinkán kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà, ojú ìwé méjì, ó sì fọwọ́ sí i.

*

Éjẹ́ńsì ní kó jókòó sílé ná. Mobáyọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ò bọ́. Kì í pe Oyinkán mọ́. Anna gbé bàbá lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejìlá, kò sì sọ ọjọ́ tí wọ́n máa lọ fún un.

Kérésì kọjá. Wùnmí pè, ìṣẹ́jú mẹ́fà. Òjò dídì bọ́ sí Langley Park, ó di ẹrẹ̀.

Nínú oṣù kìíní, fóònù dún láàárín ọ̀sẹ̀. Anna ni. Ohùn rẹ̀ le bí àga onírin.

"Mi ò tí ì dárí jì ọ́. Mo fẹ́ kó o mọ ìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ń béèrè òkun. Láràárọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ gbé àwòrán òkun wá fún un, ó ní kì í ṣe òun nìyẹn. Ó ní o mọ̀ ọ́n."

Kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá wà lọ́dọ̀ aládùúgbò. Oyinkán lọ sí Fort Washington lọ́jọ́ kejì. Ilé náà tutù. Àwọn ẹrù ti wà nínú páálí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan tábìlì. Omi inú àwo Manra ti gbẹ, ó fi ìlà funfun kan sílẹ̀ yípo. Oyinkán wé àwọn nǹkan náà sínú ìwé ìròyìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Méje. Ó ká aṣọ tábìlì.

Nígbà tó dé ilé, ó mú táwẹ́ẹ̀lì tirẹ̀, ó ká a bí òṣùká, ó fi òwú dì í kó má bàa tú.

Ó wá tẹ́ ìwé tó mọ́ gaara sórí tábìlì. Ọdún méjìlélógún ló ti di kálàmù tádàwà mú kẹ́yìn. Ó ya àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ síbi tí wọ́n wà gan-an, ó kọ orúkọ wọn gàdàgbà kí ojú àgbà lè rí i. Gbogbo ìyókù ìwé náà jẹ́ omi. Kò yẹ kó ya nǹkan kan síbẹ̀, kò sì yà á. Ní igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ó kọ lẹ́tà méjì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tó fi páálí náà ránṣẹ́, fóònù dún. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀.

"Ó fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀," Anna ní. "Ìṣẹ́jú díẹ̀."

Ìmí àgbà. Ariwo àwo ibi kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Oyin?"

"Sà. Ẹ káàárọ̀, sà."

"Mo ti tẹ́ ẹ. Ó rún díẹ̀, kò sẹ́ni tó dì í mú lápá kejì." Bàbá tún ọ̀fun ṣe. "Mi ò ní wo ìwé rẹ. Canton. Enderbury. McKean. Rawaki." Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀. "Manra. Orona. Nikumaroro."

Ó dúró.

Orúkọ náà wà lẹ́nu Oyinkán. Tẹ́lẹ̀, ì bá ti wú ikọ́, ì bá ti sọ ọ́ sábẹ́ ikọ́ náà, bàbá ì bá gbé e bíi pé òun ló rántí. Ó pa ẹnu dé. Ó ń gbọ́ bí bàbá ṣe ń gbé ìgò iyọ̀ sókè lórí tábìlì, tó ń gbé e kalẹ̀.

"Mo ti gbàgbé ọ̀kan," bàbá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọ̀kan ló kù."

"Ṣé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀?"

"Rárá, sà. Ẹyẹ nìkan ni."

Bàbá ronú sí i.

"Kò burú nígbà náà," ó ní. "Kò sẹ́ni tó máa bínú."